Abà Kòkó Àwọn Baba Wa

Bí àlejò bá dúró sí iwájú gbọ̀ngàn ìlú wa, tí ó wo àwọn ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí ó yí ọjà ká, tí ó sì wo ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn baba wa fi owó ara wọn kọ́, yóò rò pé inú ìlú yìí náà ni a ti rí owó tí a fi ṣe gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa, bí a bá yọ igbó díẹ̀ tí ó wà ní etí odò kúrò. Iṣu ń ta níbẹ̀, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ń ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n owó tí ó gbé páànù dé orí ilé wa, láti inú igbó tí ó jìnnà sí wa ni ó ti wá. Inú igbó náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́ ìlú yìí ti lo ọjọ́ ayé wọn. Ibẹ̀ ni a sì ti tọ́ púpọ̀ nínú àwa tí à ń ka ìwé ọdọọdún yìí. Síbẹ̀, nínú gbogbo ìtàn ọba, ìtàn ogun àti ìtàn ìdílé tí a ti tẹ̀ sínú rẹ̀, abà kò tíì gba ojú ewé kan.

Kì í ṣe ìfẹ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ni ó kọ́kọ́ rán wa lọ sí ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2019 ni bàbá wa re ibi àgbà ń rè. A sin wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ilé tí wọ́n kọ́ sí ìlú, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí a sin àgbà tí ó ní ilé. Ilé náà tóbi, ó ní yàrá mẹ́jọ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìnáwó parí tí àlejò sì tú ká, tí àwa ọmọ wọn mẹ́rin jókòó sínú yàrá wọn, ọ̀rọ̀ kan wà ní ọkàn wa tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ kọ́kọ́ sọ jáde. À ń wá bàbá wa nínú yàrá náà, a kò rí wọn. Ibùsùn tí ó wà níbẹ̀, àwa ni a rà á fún wọn ní ọjọ́ ogbó. Àga náà, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Láti ọdún 1964 tí wọ́n ti ṣí ilé náà títí di ọdún 2012 tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé oko mọ́, bóyá ni wọ́n fi sùn níbẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ nínú ọdún kan: ọjọ́ díẹ̀ ní ìgbà Kérésìmesì, ọjọ́ díẹ̀ ní ìgbà ọdún ìlú, àti ìgbà tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ tàbí tí ìgbéyàwó bá délẹ̀. Ìlú ni a sin wọ́n sí. Oko ni wọ́n gbé.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà nílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, nígbà tí iye tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé, tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti ń ta kòkó, àwọn oko tí a ti gbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí ní olùfẹ́ púpọ̀. Ìránṣẹ́ dé bá wa láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń tọ́jú oko bàbá wa pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti inú ìdílé onílẹ̀ ti wá, ó ní àyè tí a fún bàbá wa ti tán nígbà tí wọ́n kú, àti pé wọn kò tilẹ̀ san ìṣákọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó kú. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbéra. Ṣáájú ìgbà náà a ti bi àwọn àgbà tí ó ṣẹ́ kù ní ìlú léèrè bí abà náà ti ṣe bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu wọn, àti ohun tí a mọ̀ láti inú ìwé, ni a ó kọ́kọ́ sọ.

Kòkó kì í ṣe igi ilẹ̀ Yorùbá. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Àwọn òyìnbó ni ó gbé e dé erékùṣù Fernando Po, láti ibẹ̀ ni a sì ti gbé e wọ Bonny ní ọdún 1874. Ní ilẹ̀ tiwa, ẹ̀bá Èkó ni ó ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni J. P. L. Davies, ọ̀gá ọkọ̀ òkun àti oníṣòwò Èkó, gbin ín sí oko rẹ̀ ní apá Agége ní nǹkan bí ọdún 1880. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn sì ni Ọ̀gbẹ́ni J. K. Coker. Ní ọdún 1907 àwọn olóko ńlá Agége dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Oko wọn tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ àwọn ará ibẹ̀ nìkan kò lè ká a, wọ́n sì ń gba alágbàṣe láti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá.

Ọ̀nà ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907. Ọ̀nà yìí ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ìlú wa gbà lọ. Kò sí ohun tí ó ń lé wọn bí kò ṣe owó. Nígbà tí ìjọba mú owó-orí wọ àgbègbè Ọ̀yọ́ ní 1918, a kò lè fi iṣu san án. Owó ṣílè ni wọ́n ń bèèrè. Àwọn tí ó lọ sí Agége, bí wọ́n bá ń padà bọ̀ wá ilé, hóró kòkó a máa wà nínú àpò wọn, wọn a sì gbìn ín sí etí odò wa. Díẹ̀ nínú rẹ̀ so. Èyí tí ó pọ̀ kú, nítorí kòkó kò lè fara da ọ̀gbẹlẹ̀ tí ó bá ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀gbẹlẹ̀ tiwa sì ń ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ọdún tí ó bá burú.

Igbó tí ó yẹ kòkó wà ní gúúsù: Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà, Oǹdó. Ìrókò, arère àti àràbà ni ó kún ibẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, òjò rẹ̀ kì í sì tètè dá. Nítorí náà, pàápàá jùlọ lẹ́yìn ogun Hitler tí ó parí ní 1945, àwọn ará ìlú òkè, láti Ìkìrun, láti Ẹdẹ, láti Òkukù àti láti ìlú tiwa, bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ síbẹ̀ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́. Ẹnì kan a kọ́kọ́ lọ, yóò sì fi orúkọ ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀. Àbúrò a pe àna, àna a pe ọ̀rẹ́. Báyìí ni odidi agbo ilé ṣe ṣí lọ sínú igbó, tí abà kan fi di ìlú wa kékeré, tí ó ní olórí tirẹ̀, tí a sì ń fi ohùn ìlú wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ pé òun ti kúrò ní ilé.

A kì í ra ilẹ̀ nígbà náà. Ẹni tí ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú ni yóò mú àlejò lọ sí ọ̀dọ̀ onílẹ̀, tòun ti obì, ẹmu, ọtí àti owó díẹ̀. Onílẹ̀ a mú wọn wọ inú igbó, a fi ìpín hàn wọ́n, a sì gbin pèrègún tàbí akòko sí ẹnu ààlà. Láti ọjọ́ náà ni gbèsè ìṣákọ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní àkọ́kọ́, iṣu àti epo ni a fi ń ṣe é, tí kì í ju ohun tí ènìyàn fi ń kí ẹni tí ó gbà á lálejò lọ. Nígbà tí kòkó bá so, ó di kòkó, èyí tí a fi òṣùwọ̀n wọ̀n. Ti bàbá wa jẹ́ 112 pọ́n-ùn lọ́dún, ìyẹn ìwọ̀n kan nígbà náà. Ọ̀pẹ tí ó wà nínú ìpín náà kì í ṣe ti àlejò. Onílẹ̀ ni yóò kọ ẹyìn rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àlejò ni ó ń ro ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjà abà, ìdí ọ̀pẹ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1953 ni bàbá wa bá ẹ̀gbọ́n wọn lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ogún ọdún ni. Wọ́n wọ ọkọ̀ akẹ́rù dé Ifẹ̀, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn kọjá Ifẹ̀tẹ̀dó, wọ́n la odò Ọ̀nì kọjá, tòun ti àdá méjì, ìkòkò kan àti ẹní kan. Abẹ́ àgọ́ màrìwò ni wọ́n sùn fún ọdún mẹ́ta. Wọn kò gé gbogbo igi igbó lulẹ̀. Àwọn tí ó ga jù ni wọ́n dá sí kí oòrùn má baà pa ọmọ kòkó. Wọ́n gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti kókò sí àárín rẹ̀, kí ó lè jẹ́ ibòji fún un, kí ó sì jẹ́ oúnjẹ fún àwọn náà. (Ní kíláàsì wa, ọmọ tí ó bá ní òun kò rí ohun tí a ń fi àmì sí orí ọ̀rọ̀ ṣe, a máa ń ní kí ó kọ ìtàn bí a ti fi kókò ṣe ibòji fún kòkó.) Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi dúró kí igi àkọ́kọ́ tó so. Ẹni tí ó bá mọ bí ebi ti ń pa ọ̀dọ́mọkùnrin yóò mọ ohun tí ọdún márùn-ún túmọ̀ sí.

Nípa owó kòkó fúnra rẹ̀, ìwé ti sọ púpọ̀, a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní 1947 ni ìjọba dá ìgbìmọ̀ tí ó ń ra kòkó sílẹ̀, ní 1954 a sì pín in fún ìjọba ẹkùn. Ọdún 1954 yìí kan náà ni iye kòkó ga gan-an ní òkè òkun. Ìgbìmọ̀ ni ó ń sọ iye tí àgbẹ̀ yóò gbà; ohun tí ó bá lé lórí rẹ̀ di owó ìjọba. Owó yẹn wà lára ohun tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní 1955, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ilé gogoro tí a parí ní Ìbàdàn ní 1965, tí a ń pè ní Ilé Kòkó títí di òní. A kò bínú sí èyí. Olùkọ́ ni wá, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì ni ó sọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́ wa di ọ̀mọ̀wé. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé à ń kọ́ ọmọ ní orúkọ àwọn tí ó ná owó náà, a kò sì kọ́ wọn ní orúkọ ẹyọ kan nínú àwọn tí ó pa á.

Nígbà tí a dé Ifẹ̀tẹ̀dó, a gun ọ̀kadà dé ibi tí ọ̀nà gbé dín, a sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ilé mẹ́tàdínlógún ni abà náà ní nígbà èwe wa. Mẹ́rin péré ni òrùlé ṣì wà lórí rẹ̀. Ibi tí àwọn yòókù wà ti di òkìtì amọ̀ tí ewéko bò, ṣùgbọ́n igi ọsàn tí ó wà ní iwájú ilé kọ̀ọ̀kan ṣì dúró, a sì fi igi ọsàn mọ ilé onílé. Ilé bàbá wa wà lára mẹ́rin náà, nítorí olùtọ́jú oko ni ó ń gbé inú rẹ̀, ọkùnrin ará Ebira kan tí ó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ láti ọdún 1994. Ó rí wa láti òkèèrè, kò sì bèèrè ẹni tí a jẹ́. Ó ní, “Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ Bàbá. Ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé.”

Òórùn ni ó kọ́kọ́ mú wa. Wọ́n ti fọ́ kòkó ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, wọ́n sì ti kó o jọ sí abẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ó lè kan. Bí a bá kó hóró kòkó tútù jọ báyìí fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí a sì ń yí i padà, yóò gbóná dé inú, omi yóò máa ro láti ìdí rẹ̀, hóró yóò sì yí àwọ̀ padà. Kòkó tí a kò bá ṣe báyìí fún, kíkorò ni yóò máa korò, òyìnbó kì í sì rà á ní iye rere. Òórùn rẹ̀ kíkan bí ọtí, ó sì ní adùn díẹ̀ nínú. Ara bàbá wa ni òórùn yẹn wà ní gbogbo oṣù mẹ́rin ìkórè. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin jókòó sórí ilẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. A fi í sílẹ̀. A mọ ohun tí ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

Pèpéle sìmẹ́ńtì tí à ń sá kòkó sí ṣì wà ní ẹ̀yìn ilé. Kòkó gbígbẹ díẹ̀ wà lórí rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Bí oòrùn bá mú, a ní láti máa rú kòkó kí ó lè gbẹ dọ́gba. Àwọn kan ń lo igi. Bàbá wa kì í lo igi. Ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń wọ́, ẹsẹ̀ òsì kí ọ̀tún tó tẹ̀lé e, láìgbé e sókè, láti òpin pèpéle dé òpin kejì, tí ọwọ́ wọn yóò sì wà lẹ́yìn. Bí wọ́n bá parí, kòkó náà a ní ìlà bí oko tí a kọ ebè sí. Àbúrò wa, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì, tí kò sì gbé abà ju ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ayé rẹ̀ lọ, bọ́ bàtà rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Ó gun orí pèpéle, ó ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀. Olùtọ́jú oko dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní, “Bàbá gan-an nìyẹn.” Ìgbà náà ni a tó mọ̀ pé lóòótọ́ ni, àti pé àbúrò wa ti ń rìn bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní ojú wa.

Òpó ìlẹ̀kùn ni ó wá kù. Òpó apá ọ̀tún, igi ìrókò ni, ikán kò sì rí i jẹ. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ìlà tí a fi ọ̀bẹ gé wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìbú ìka lọ, èyí tí ó ṣe ìkarùn-ún a sì gùn ju àwọn mẹ́rin tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. A ti mọ ìlà wọ̀nyí láti ìgbà èwe. A máa ń fi ìka tọ̀ wọ́n bí a bá ń dúró de oúnjẹ. Bàbá wa kò mọ̀wé. Ìlà wọ̀nyí ni ìwé ìṣákọ́lẹ̀ wọn: ọdún tí kòkó bá kúrò lọ́wọ́ wọn lọ sí ọ̀dọ̀ onílẹ̀, wọn a gé ìlà kan ní ojú ẹni tí ó gbà á. A kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Márùn-dín-lọ́gọ́ta (55) ni. Láti 1958 tí igi àkọ́kọ́ so, títí di 2012 tí wọ́n lọ sí oko kẹ́yìn, ọdún 55 náà ni.

A jókòó ti òpó náà, a sì kà á bí ìwé. Ìlà kejìlá bọ́ sí 1969, ọdún Àgbẹ́kọ̀yà, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde sí ìjọba, tí wọ́n ní àwọn kò ní san ju òkè mẹ́fà lọ, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè. Bàbá wa sọ fún wa nígbà kan pé ní ọdún náà àwọn sá wọ inú oko lẹ́ẹ̀mejì nítorí agbowó-orí. Ìlà ìṣákọ́lẹ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ìkọkànlélógún bọ́ sí 1978, ọdún tí Òfin Ilẹ̀ gbé ilẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́, tí ọ̀pọ̀ àlejò ní àwọn kò ní onílẹ̀ mọ́ bí kò ṣe ìjọba. Ìlà wà níbẹ̀. Ìkọkàndínlọ́gbọ̀n bọ́ sí 1986 tí ìjọba tú ìgbìmọ̀ tí ó ń ra kòkó ká. Owó kòkó fò sókè lójijì nígbà náà, alágbàtà sì kún abà pẹ̀lú owó nínú àpò; ní ọdún kejì rẹ̀ ni a pààrọ̀ páànù ilé yìí. Ìkọkànlélógójì àti ìkejìlélógójì, ti 1998 àti 1999, sún mọ́ ara wọn ju ìyókù lọ, ó sì hàn pé ọ̀bẹ kan náà ni a fi gé wọn ní ọjọ́ kan. Ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Ifẹ̀ láàrin 1997 sí 2000 ti dí ọ̀nà nígbà náà, bàbá wa kò sì lè dé oko. Nígbà tí ọ̀nà là, wọ́n lọ, wọ́n san ti ọdún méjèèjì.

Láàrin gbogbo ìlà wọ̀nyí ni abà ń tú. Kì í ṣe kòkó ni ó kọ́kọ́ kú, àwọn ọmọ ni kò sí. Epo rọ̀bì ti mú owó dé ìlú ní àwọn ọdún 1970, ilé-ìwé sì ń pè wá. Bàbá wa fúnra wọn ni wọ́n ń fi àdá lé wa kúrò ní oko. Bí a bá ní a fẹ́ bá wọn ṣa kòkó, wọn a bi wá bóyá a ti ka ìwé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, a lọ sí ọ̀dọ̀ ìdílé onílẹ̀ pẹ̀lú obì àti ọtí. Ó jẹ́ àṣà pé bí àlejò bá kú, ọmọ rẹ̀ ni yóò wá fi ara hàn kí oko tó di tirẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a ń wí wà níbẹ̀, ó sì sọ tirẹ̀ láìfi bò: a kò ní ìwé, a kò ní rìsíìtì, ta ni yóò jẹ́rìí pé a ń san án? Àgbà ìdílé náà, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, gbọ́ ọ títí ó fi parí. Wọ́n bi wá pé òpó ìlẹ̀kùn ńkọ́. A ní ó wà. Wọ́n ní kí a gbé àwọn lọ síbẹ̀.

Orí ọ̀kadà ni wọ́n gùn dé ibẹ̀, bí wọ́n ti dàgbà tó. Wọn kò ka ìlà. Wọ́n fi ọwọ́ kan àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n sì kọjú sí ọmọ wọn. Wọ́n ní, “Ta ni ó ní ẹni yìí kò san ìṣákọ́lẹ̀? Èmi ni bàbá mi máa ń rán wá gbà á. Orí mi ni mo fi rù ú. Òpó tiwa náà ní ìlà tirẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ wó ilé náà tí ẹ fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn.” Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò dáhùn. Wọ́n ní lẹ́yìn 2012, olùtọ́jú oko ń gbé kòkó náà wá títí bàbá wa fi kú, àwọn ni àwọn sì sọ fún un pé kí ó dúró kí ọmọ olóko fi dé. A ní kí wọ́n má bínú pé ó pẹ́. Wọ́n ní, “A kì í ka ọdún fún ọ̀fọ̀.”

A san ti 2019 dé 2024, ọdún mẹ́fà, ní owó, ní ìdajì iye tí kòkó ń lọ ní ọjọ́ náà. Bàbá àgbà ni wọ́n dá ìdajì náà. Wọ́n fi orúkọ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rọ́pò orúkọ bàbá wa lójú ẹlẹ́rìí mẹ́ta. A ti kọ ọ́ sínú ìwé ní ọ̀nà méjì, ṣùgbọ́n a gbọ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò tíì fi ọwọ́ sí i, iye kòkó sì ti já wálẹ̀ láti ìgbà náà. A ó máa wò ó.

Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin fẹ́ kí a yọ òpó náà kí a gbé e wá sí yàrá bàbá wa ní ìlú. Olùtọ́jú oko wo òkè, ó wo ògiri, ó ní bí a bá yọ ọ́, ilé yóò wó. A fi í sílẹ̀ níbẹ̀. A mú èédú àti bébà, a sì gba àwòrán gbogbo ìlà náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bébà náà wà lára ògiri yàrá náà báyìí, a sì máa ń jókòó síbẹ̀ pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Kí a tó kúrò ní abà, a wo àwọn ilé mẹ́ta yòókù tí òrùlé ṣì wà lórí wọn. Ọ̀kan kò ní ìlà kankan. Èkejì ní ìlà mọ́kàndínlógún, èyí tí ó wà ní ẹ̀bá ìsun omi. Ẹ̀kẹta, tí igi ọsàn méjì wà níwájú rẹ̀, tí pèpéle rẹ̀ sì kọjú sí ìlà-oòrùn, ní ìlà méjìdínlógójì, kò sì sí ẹni tí ó ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé bàbá òun ni ó kọ́ ọ, òpó náà ṣì dúró.